Ará Oǹdó Tó Tún Ẹ̀rọ Orin Bàbá Mi Ṣe

Òórùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Kí orin tó dákẹ́, kí àwọn tó ń jó tó dúró, òórùn yẹn á ti wọ ihò imú mi, bí ìgbà tí èèyàn bá gbàgbé ẹ̀pà sórí iná, tí rọ́bà sì jábọ́ sínú rẹ̀. Àgbàlá kan ní Arákalẹ̀, ní Àkúrẹ́, la wà lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Wọ́n ń ṣe òkú ìyá arúgbó kan. Mo jókòó ti àpótí àwo orin. Iṣẹ́ mi ni láti nu àwo kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé e fún ìyá mi. Mo gbóòórùn, mo wo ojú ìyá mi, òun náà ti gbóòórùn. Ó na ọwọ́ sí bọ́tìnì tó ń gbé ohùn sókè, ó rọra yí i wálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ ọmọ tó fẹ́ sunkún. Ohùn olórin há, ó di ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, ó fọ́, ó sì dákẹ́. Àwọn ọmọ olóòkú dúró lójú agbo, ọwọ́ wọn ṣì wà lókè.

"Ìyá ẹlẹ́rọ," ọ̀kan nínú wọn sọ, "ṣé ìyá wa ló ní ká má jó ni, àbí ẹ̀yin?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu àwo tí mo ti nù tẹ́lẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ náà ti rí, nítorí ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Èmi ò mọ̀wé. Ẹnu ni mo ní. Ampilifáyà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Bí abẹ́rẹ́ bá ń ha àwo orin, ohùn tó ń jáde kéré bíi ti kòkòrò. Ampilifáyà ló ń gbà á, tí á sọ ọ́ di ńlá, tí á pín in fún sípíkà méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ó wúwo bí ọlọ. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, wọ́n sì lu ihò wẹ́wẹ́ sí i lórí àti lábẹ́, bí asẹ́. Bí o bá yọjú sí ihò náà, wàá rí àwọn gílóòbù kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ nínú rẹ̀, tí iná wọn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀yinná tó kù sínú àdògán lówùúrọ̀.

Bàbá mi ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó agégẹdú kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Awakọ̀ lọ́rì ni bàbá mi. Ó kó ẹrù kọjá Odò Ọya lọ́jọ́ kan, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà dí. A ò rí i, a ò sì gbọ́ pé ó kú. Kò sí ẹni tó wá sọ fún ìyá mi pé kó tú irun rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kó má tú u. Bó ṣe wà nìyẹn.

Àwọn ọdún yẹn le. Iyọ̀ di ohun tí à ń fi ọmọ-ìka bù bí oògùn. Aṣọ tó bá ya, à ń lẹ̀ ẹ́ títí a ò fi ní mọ èyí tó jẹ́ aṣọ gan-an mọ́. Ìyá mi ń ta ata lọ́jà, ṣùgbọ́n ata nìkan kò lè bọ́ ọmọ mẹ́rin. Ló bá gbé ẹ̀rọ bàbá mi jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi yá àwọn tó ń ṣe òkú àti àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó. A ó ru ẹ̀rọ náà lọ, a ó fa wáyà iná láti ilé tó bá súnmọ́ wa jù, òun á sì máa fi àwo sí i.

Kì í gbé ẹ̀rọ náà jáde níhòòhò o. Agbádá sányán bàbá mi, èyí tó fi gbé e níyàwó, ló máa ń wọ̀ fún un. Á tẹ́ ìrọ̀rí òwú sórí tábìlì, á gbé ẹ̀rọ lé ìrọ̀rí náà, á wá da agbádá bò ó láti òkè dé ilẹ̀, á ṣẹ́ ọrùn aṣọ náà síwájú kí àwọn bọ́tìnì lè yọ jáde bí ojú èèyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, á ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi ló wá ṣeré fún yín. Ẹ kí i." Àwọn èèyàn á sì kí i lóòótọ́. Mo rí àgbàlagbà tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ wa."

Nígbà tí àìsàn yẹn wá bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀rọ ń gbóná títí yóò fi dákẹ́ láàárín eré, sányán náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lókè, níbi tó ti fara kan irin. Ìyá mi á sá a sójú oòrùn, á máa fi àtàǹpàkò ra ojú ibi tó pọ́n náà. "Ẹ̀rọ yìí fẹ́ sun aṣọ bàbá yín," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn atúnrédíòṣe ní Àkúrẹ́. Ọ̀kan pààrọ̀ wáyà, òmíràn jó nǹkan mọ́ nǹkan nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀rọ á kọrin títí ilẹ̀ á fi ṣú, ara rẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí a bá gbé e dé òde ìnáwó, àwo kan, àwo kejì, òórùn yẹn á tún dé. Ìyá mi ní ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń tijú èrò.

Ọjọ́ tí a ti Arákalẹ̀ bọ̀ yẹn, ìyá mi ló ṣáájú wọlé. Ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó jókòó sórí odó tó dojú dé.

"Ọmọ mi," ó ní, "bó bá tún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo máa tà á. Ìwọ á sì tẹ̀lé àǹtí ẹ lọ sí Èkó."

Àbúrò bàbá mi obìnrin ni àǹtí náà. Ó ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí òun, kí n máa bá òun gbé ọmọ, kí n máa kiri ọjà. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọmọbìnrin kan ní agboolé wa ti lọ irú ìlọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá kí wa, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò, kò mọ èyí tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ nínú àwọn ọmọdé. Láti ọjọ́ tí ìyá mi sọ̀rọ̀ yẹn, bí mo bá ti gbé ìrọ̀rí ẹ̀rọ náà dání, Èkó ni mò ń rò.

Obìnrin kan tó ń ta ata pẹ̀lú ìyá mi ló sọ fún un pé bàbá arúgbó kan wà ní Oǹdó tó ti bá ọkọ̀ sinimá ìjọba ṣiṣẹ́ rí, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo abúlé. Orúkọ bàbá náà wà lọ́kàn mi títí di òní, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò pe orúkọ rẹ̀ nígbà tó wà láyé, mi ò ní torí pé ó ti kú kí n wá bẹ̀rẹ̀.

A wọ lọ́rì lọ. Ìyá mi fi ẹní wé ẹ̀rọ náà, ó gbé e lé itan bí ọmọ. Agbádá ò bá wa lọ; kò bá wa lọ sọ́dọ̀ àwọn ti Àkúrẹ́ náà. Ta ló máa kó sányán lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé? Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a sínú àpótí.

Òórùn kòkó ló pàdé wa ní Oǹdó. Gbogbo iwájú ilé ni wọ́n sá a sí, ó ń kan bí ẹmu àná, èso rẹ̀ ń dún gbàràgbàrà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń yí i. Ilé bàbá náà wà ní Òdòjọmù. A bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gùn, ó gbẹ, ó dé fìlà tó ti gba òróró, ìyẹ́ adìẹ kan sì wà létí rẹ̀ níbi tí akọ̀wé máa ń fi gègé sí. Ẹ̀rọ ló máa ń fi ìyẹ́ náà gbá nínú. Ó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ ìyá mi láìjá ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Kò ṣí ẹ̀rọ náà. Ó kàn gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e, bí a ti ń gbé e lé ọrùn ọmọ tí ibà ń ṣe.

"Fi í sílẹ̀," ó sọ fún ìyá mi. "Kí o sì fi ọmọ yìí sílẹ̀ tì í. Aláìsàn kì í dá wà."

Ìyá mi wò mí, ó wo ẹ̀rọ. Ata rẹ̀ ń bẹ lọ́jà, àwọn àbúrò mi ń bẹ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ó padà sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ní òun á dé lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Kí ó tó lọ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí pé òde ìnáwó ńlá kan ti wà nílẹ̀, òun ò sì lè gbé ẹ̀rọ tó ń kú lọ síbẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe di ará ilé wọn. Bàbá náà àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà nílé, àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti tú ká. Èdè Oǹdó ni wọ́n ń sọ sí mi, ti Àkúrẹ́ ni mo fi ń dáhùn. Ọmọ tó ń kọ ọ́ yìí ti yí gbogbo rẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé. Ìyá àgbà, ìyàwó bàbá, fẹ́ràn àwàdà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá a gúnyán, ó dúró, ó ń wò mí.

"Bàbá, ẹ wá wo ọmọ Àkúrẹ́. Kò gún iyán, ó ń lu iyán."

"Jẹ́ kó lù ú," bàbá náà dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ó lè jẹ́ pé iyán náà ló kọ́kọ́ bú u."

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Láàárọ̀, á ki wáyà bọ iná, á fi àwo sí i, á wá lọ jókòó síbòmíì, á máa fi fáìlì pọ́n àdá tàbí kí ó máa ṣẹ́ ẹ̀gúsí fún ìyàwó rẹ̀, bí ẹni pé kò rí ẹ̀rọ náà. Ìgbà tó bá wù ú, á dìde, á gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé orí rẹ̀, lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á tẹ imú sí i, á fà á símú, á padà lọ jókòó. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án.

"Àtẹ́lẹwọ́ mi ti yó fún iṣẹ́," ó ní. "Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ ṣì ń gbọ́." Ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ká ìka rẹ̀ pọ̀. "Ìkejì, bí iná bá gbé ọ ní ẹ̀yìn ọwọ́, ọwọ́ rẹ á ká padà sọ́dọ̀ rẹ. Bó bá gbé ọ ní àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ rẹ á dì í mú. Tí ọwọ́ bá dì í mú, ó ti parí."

Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìdè ẹ̀rọ náà. Ó fi ìyẹ́ adìẹ gbá inú rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi ẹ̀yìn súkùdiráfà kan gílóòbù kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, ó sì tẹ́tí sí ohùn rẹ̀. Ó pa á dé. Ó tún fi àwo sí i títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ ń kọrin bí ẹyẹ.

"Ọmọ Àkúrẹ́," ó ní nígbà tó yá, "ara ẹ̀rọ yín dá. Kò sí ohun tó ṣe é."

Ohun tí àwọn ti Àkúrẹ́ máa ń sọ tí wọ́n bá dá a padà fún wa nìyẹn. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹkún ni mo bú sí. Ìyá àgbà sáré jáde láti ibi ìdáná pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́, ó rò pé iná ló gbé mi. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo sọ fún wọn nípa Èkó, nípa àǹtí, nípa ọmọ agboolé wa tó gbàgbé àbúrò rẹ̀. Mo ní bí ẹ bá sọ pé kò sí ohun tó ṣe é, a ó gbé e lọ, yóò dákẹ́, èmi ló sì máa lọ.

Bàbá náà fi súkùdiráfà sílẹ̀. Ó yọ ìyẹ́ kúrò létí, ó ń fi í gbá ibi tí kò sí ìdọ̀tí.

"Ìbéèrè mi ni kò tọ́," ó ní. "Ẹ̀rọ ni mo ń bi. Ó yẹ kí n bi ilé tó ti ń ṣàìsàn." Ó dìde. "Ó yá. Ọ̀la, ìnáwó dé sí ilé yìí. Èmi ni olóòkú. Ìwọ ni ìyá rẹ. Gbogbo bí ìyá rẹ ti máa ń ṣe é láti ìgbà tó bá ti wọlé ni kí o ṣe fún mi, má fo nǹkan kan. Kódà bó bá máa ń húkọ́, kí o húkọ́."

"Ta ló kú?" ìyá àgbà bi í.

"Ìwọ ni."

"Tí mo bá kú, ta ló máa se ọbẹ̀?"

"Dìde kí o sè é, kí o tó padà kú."

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn ò tíì mú tí a ti ṣetán. Mo wọlé bí ìyá mi ti máa ń wọlé, mo kí olóòkú kú ìnáwó, mo kí i kú ará fẹ́ra kù. Mo béèrè tábìlì, wọ́n gbé tábìlì wá. Mo ní ó ku ìrọ̀rí, ìyá àgbà yọ ìrọ̀rí òwú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e fún mi. Mo tẹ́ ẹ, mo gbé ẹ̀rọ lé e, ó rì sínú rẹ̀ dáadáa. Mo fa wáyà, mo to àwo. Bàbá náà jókòó nínú àga rẹ̀, ó ń ṣe bí olóòkú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ mi. Mo na ọwọ́ sí bọ́tìnì láti tàn án, mo sì dúró.

"Kí ló dé?" ó bi mí.

"Kò tíì wọṣọ."

"Ta ni?"

"Ẹ̀rọ. Agbádá ló máa ń wọ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí ó gbé ojú lọ sára ìrọ̀rí, tí ó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ, tí ó tún gbé e padà. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Gbé agbádá mi wá."

"Èwo? Ti ìkómọ yẹn?"

"Òun ni."

"Bàbá, ẹ rò ó dáadáa."

"Ṣebí òkú ni ọ́. Òkú kì í sọ̀rọ̀ aṣọ."

Ó gbé e wá, ó ń kùn. Mo wọ̀ ọ́ fún ẹ̀rọ bí ìyá mi ti ń ṣe, láti òkè dé ilẹ̀, mo ṣẹ́ ọrùn rẹ̀ síwájú. Mo tàn án. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í jó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kú. Àwo kan tán. Àwo kejì ò tíì dé àárín tí òórùn yẹn fi dé. Mo wo bàbá náà, ó ti gbé imú sókè.

"Bàbá," ìyàwó rẹ̀ ní, "aṣọ yín."

"Jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán."

Ó jókòó síbẹ̀ títí ohùn olórin fi há, tí ó fọ́, tí ó dákẹ́. Nígbà náà ló tó fa wáyà yọ. Ó ká agbádá sókè, ojú ibi tó kan irin ti pọ́n. Ìyá àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó wò mí, ó rí i pé mo ti kúnlẹ̀. "Kò burú," ó ní, "agbádá náà ti fún un lọ́rùn tẹ́lẹ̀. Mi ò kàn fẹ́ sọ fún un ni."

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Bàbá náà ní kò tíì parí. Nígbà tí ẹ̀rọ tutù, ó yọ ìrọ̀rí nìkan, ó fi aṣọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbóná. Ó tún jẹ́ kí ó tutù, ó dá ìrọ̀rí padà, ó bọ́ aṣọ. Ó tún pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ méjèèjì, ó fi òkúta kéékèèké gbé igun rẹ̀ sókè, orin sì ń lọ títí a fi jẹun ọ̀sán tán, tí oòrùn fi ń yẹ̀. Ó pè mí, ó ní kí n gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Atẹ́gùn tútù ń wọlé níbẹ̀. Ó ní kí n gbé e sókè rẹ̀. Atẹ́gùn gbígbóná ń jáde níbẹ̀.

"Ihò yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́," ó ní. "Imú rẹ̀ ni. Ìrọ̀rí dí i nísàlẹ̀, agbádá dí i lókè. Ẹ̀ ń fún un lọ́rùn, ẹ sì ní kó máa kọrin."

Mo rẹ́rìn-ín, ara mi fúyẹ́. Mo ní, "Tí màmá mi bá dé, ẹ sọ fún un kó má wọṣọ fún un mọ́."

"Agbádá ta ni?" ó bi mí.

Mo sọ fún un. Mo sọ nípa lọ́rì, nípa Odò Ọya, nípa ọ̀nà tó dí, nípa bí àwọn èèyàn ti ń kí ẹ̀rọ náà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó mú àdá, ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Ohun tí mo tún gbọ́ ni ìró ìgé igi. Ẹsẹ̀ mẹ́rin kúkúrú ló gbẹ́, ó fi fáìlì ra á títí ó fi ń dán, ó sì kàn án mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ náà. Nígbà tó ṣe tán, ẹ̀rọ náà dúró lórí tábìlì bí ajá tó fẹ́ gbéra.

Ìyá mi dé lọ́jọ́ ọjà. Bàbá náà fi omi tútù fún un mu, ó fi àwo sí ẹ̀rọ, wọ́n jọ gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn náà ló wá sọ ọ́.

"Ìyá ọmọ, mo gbọ́ pé ọkọ rẹ ní agbádá tó dára."

Ojú ìyá mi kọ́kọ́ là, ó wá ṣókùnkùn. Ó yíjú sí mi, ó wo ẹsẹ̀ tuntun ẹ̀rọ náà àti ihò rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, ó sì yíjú padà sí bàbá náà. "Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé aṣọ ọkọ mi ló ń pa á ni? Ṣé èmi ni mò ń pa á?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀." Bàbá náà pa ẹ̀rọ náà. "Aṣọ náà yẹ ẹ́. Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ọkọ rẹ, tó bá ń wa lọ́rì rẹ̀, ṣé agbádá ló máa ń wọ̀?"

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ló ń pa mọ́ tàbí ẹ̀rín.

"Síńgílẹ́ẹ̀tì ni," ó ní. "Síńgílẹ́ẹ̀tì tó lu jára. Mo máa ń bá a jà lórí rẹ̀. Á ní ooru ń mú òun."

"Ooru ń mú un," bàbá náà ní. "Ó dára. Jẹ́ kó fi síńgílẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́. Ká agbádá rẹ̀ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwọn tó fẹ́ kí i lè rí i kí. Tó bá ṣiṣẹ́ tán, tó simi, tí ara rẹ̀ tutù, kí o wá wọ̀ ọ́ fún un, kí ẹ jọ máa lọ sílé."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá mi, ẹkún sì tẹ̀lé e. Ìyá àgbà mú un wọlé. Mo gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì nínú yàrá fún ìgbà pípẹ́, ohùn obìnrin sí obìnrin. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ.

Nígbà tí a ń di ẹrù, ìyá mi kúnlẹ̀, ó béèrè ohun tí a máa fún un. Bàbá náà ní òun ò pààrọ̀ nǹkan kan nínú ẹ̀rọ, òun ò lè gba nǹkan kan.

"Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ tèmi," ó ní.

"Ẹ̀yin náà," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ikú ní Òdòjọmù, èmi ló máa ń pa. Mo ti kú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yìí."

Òde ìnáwó ńlá yẹn dé. Mo jókòó ti àpótí àwo, mo ń nu àwo, mo ń retí òórùn. Ìyá mi ti ká sányán náà sórí àga lápá ọ̀tún ẹ̀rọ, ó fi fìlà lé e. Àwọn èèyàn ń kí i. Oòrùn kan àtàrí, ó yẹ̀, ó ń lọ. Mo dìde, mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ, mo wo ìyá mi, mo mi orí pé kò gbóná. Ó yí bọ́tìnì ohùn sókè. Ẹsẹ̀ ló dun àwọn tó ń jó tí wọ́n fi jókòó. Kò tíì rẹ ẹ̀rọ. Nígbà tó tutù, ìyá mi wọ agbádá fún un, a sì jọ lọ sílé.

Àǹtí wá láti Èkó lẹ́yìn náà, ó ti ra bàtà fún mi. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún bàtà náà. Ó ní, "Ọmọ yìí ò lè lọ. Òun ló ń bá mi tọ́jú bàbá rẹ̀." Àǹtí wo agbádá tó wà lórí ẹ̀rọ, ó fi bàtà náà sílẹ̀ fún mi, ó sì padà sí Èkó. Mo dàgbà sílé ìyá mi. Ọwọ́ mi ló kú sí, nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé.

Ogun parí. Bàbá mi ò dé. Mo ti di ìyàwó ilé nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ láti Oǹdó pé bàbá náà ti lọ. Ìyá mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó fi ẹní wé ẹ̀rọ. Lọ́tẹ̀ yìí, agbádá bá wa lọ. A gbé ẹ̀rọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn gan-an, lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin tí bàbá náà gbẹ́ fún un, ó sì kọrin láti àárọ̀ títí wọ́n fi sin ín tán. Ìyá àgbà jókòó tì wá, ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́, ṣé ẹ rí i pé òun ló pàpà ṣáájú mi?"

Nígbà tí ẹ̀rọ tutù, mo mú agbádá láti wọ̀ ọ́ fún un. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi. Ó dì í mọ́ àyà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún bàbá mi, ẹkún tí a sun sókè, tí a dárúkọ òkú sí, èyí tí kò tíì sun láti gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn obìnrin Oǹdó tí kò mọ bàbá mi rí yí i ká, wọ́n bá a sun ún. Mo rò pé ọjọ́ náà la sin àwọn méjèèjì. Sányán náà wọ inú àpótí, kò jáde mọ́ títí a fi fi bo òkú ìyá mi.

Mo ti bí ọmọ, mo ti tọ́ ọmọ, mo ti tajà lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọmọ bá wá sọ fún mi pé nǹkan kan ò lọ déédéé nílé ọkọ òun, mi ò kì í dájọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń ní kó ṣe é fún mi bí wọ́n ti ń ṣe é nílé, kí n rí i, kó má fo nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń dá wàhálà náà sílẹ̀ ń ṣe é pẹ̀lú ìfẹ́ ni. Aṣọ tó dára jù ló mú wá. Kò yẹ kí a já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àga ló yẹ kí a wá fún un tó máa ká a lé. Bàbá Oǹdó ló kọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ tó kú lẹ́ẹ̀kan nítorí tèmi.

Ọmọ-ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀ lé orí ìrọ̀rí mi, ó ní ó ń gba ohùn mi sílẹ̀ kí òun lè kọ ọ́ dáadáa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún mi báyìí pé kí n dúró, fóònù ti gbóná, ó fẹ́ kú. Mo ní kó gbé e kúrò lórí ìrọ̀rí. Mo ní kó bọ́ aṣọ rọ́bà tó wọ̀ fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó bọ́ ọ. Mo ti gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e. Ó ti ń tutù.